Taífọ́ọ̀dù Ìyá Onílé Wa

Òórùn ògì kíkan ló máa ń kọ́kọ́ dé sí mi nímú tí mo bá rántí ilé tí mo gbé ní Ìrẹ́mọ, ní Ifẹ̀, nígbà ìjọba sójà, ní àwọn ọdún tí epo wọ́n tó bẹ́ẹ̀ tí ẹsẹ̀ wa di mọ́tò. Ẹ̀kọ ni ìyá tó ni ilé náà ń tà. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa ni wọ́n ti máa ń wà lẹ́yìn ilé nídìí iná igi, èéfín á gba ojú fèrèsé mi wọlé, òórùn ògì á tẹ̀ lé e, ikọ́ Màmá á sì tẹ̀ lé òórùn. Ikọ́ ọ̀hún kì í le. Ńṣe ni wọ́n ń wú u bí ẹni tó ń tọrọ gáfárà. Tí mo bá ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Màmá," wọ́n á ní, "Èéfín igi ni, Dókítà." Èmi náà á gbà pé èéfín igi ni, màá gbé báàgì mi kọ́ èjìká, màá máa rìn lọ síbi iṣẹ́.

Èmi kì í ṣe dókítà rárá. Òṣìṣẹ́ láàbù ni mí, ní ilé àyẹ̀wò kékeré kan lọ́nà Ìlàrè. Àmọ́ ní àgbàlá tiwa, ẹni tó bá ti ní ẹ̀wù funfun, tó sì lè fi abẹ́rẹ́ fa ẹ̀jẹ̀ láìjẹ́ pé ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, dókítà ni, n kò sì bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí rẹ̀. Ọmọdé ń ṣe mí. Mo gbà pé ohun tí mo bá rí nínú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn ni ohun tó ń ṣe é, pé bí mo bá ti kọ ọ́ sínú ìwé, ó parí nìyẹn.

Àyẹ̀wò tí a máa ń ṣe jù lọ ni ti taífọ́ọ̀dù, èyí tí àwọn àgbà ń pè ní ibà jẹ̀funjẹ̀fun. A óò fa ẹ̀jẹ̀ díẹ̀, a óò dúró kí omi orí rẹ̀ tòrò, a óò kán omi náà sórí táìlì funfun, a óò kán oògùn àyẹ̀wò lé e, a óò wá máa mì ín jẹ́jẹ́. Bí ó bá ṣe kókó kéékèèké bí ògì tí omi rẹ̀ kò hó tó, a ó ní ó mú, pé taífọ́ọ̀dù wà níbẹ̀. Bí kò bá ṣe kókó, a ó ní kò mú. Kò ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ. Àwọn ènìyàn fẹ́ràn rẹ̀ nítorí pé wọ́n máa ń rí ìwé gbé lọ sílé, a sì fẹ́ràn rẹ̀ nítorí pé ó máa ń mú.

Ara Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́. Wọ́n lo oògùn ibà títí, kò gbọ́. Èmi ni mo fi ìgbéraga mú wọn lọ sí láàbù wa, tí mo ní kí ọ̀gá mi jẹ́ kí n fúnra mi ṣe é. Ó mú. Mo fi bírò pupa fa igi sí abẹ́ rẹ̀. Wọ́n lo kápúsù fún ọ̀sẹ̀ méjì, ara wọn fúyẹ́ díẹ̀, ibà tún padà. Mo tún yẹ̀ ẹ́ wò, ó tún mú. Lọ́tẹ̀ yìí wọ́n gba abẹ́rẹ́. Ẹ̀ẹ̀kẹta mú, ẹ̀ẹ̀kẹrin mú. Láàárín oṣù mẹ́ta yìí, ìró tí Màmá ń ró lẹ́ẹ̀kan ti ń yí wọn ká lẹ́ẹ̀mejì, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì ń sá ìrọ̀rí wọn sóòrùn láràárọ̀ nítorí òógùn. Àwọn tó ń ra ẹ̀kọ ń bi wọ́n pé kí ló dé tí wọ́n rù báyìí. Wọ́n á ní, "Taífọ́ọ̀dù mà ni. Dókítà tó wà nínú ilé mi ló rí i." Orí mi á wú.

Ọmọ yunifásítì kan ń gbé yàrá tó kọjú sí tèmi. Ìṣirò ni ó ń kọ́, irú èyí tí wọ́n fi ń wádìí bí ohun kan ṣe lè ṣẹlẹ̀ sí bí òmíràn bá ti ṣẹlẹ̀. Àwọn olùkọ́ wọn yanṣẹ́ lódì ní ọdún náà, nítorí náà kò ní iṣẹ́ méjì ju kó máa fọ ṣòkòtò rẹ̀ kan ṣoṣo, kó sì máa bá ènìyàn jiyàn. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó rí ìwé àyẹ̀wò Màmá, ti ẹ̀ẹ̀kẹrin, lórí tábìlì mi.

Ó ní, "Bọ̀dá, bí ènìyàn bá ní taífọ́ọ̀dù lóòótọ́, ṣé àyẹ̀wò yín á mú un?"

"Nínú mẹ́wàá, á mú mẹ́sàn-án," ni mo dáhùn, bí ẹni pé èmi ni mo ṣe oògùn rẹ̀.

"Bí ènìyàn ò bá ní in ńkọ́? Nínú mẹ́wàá tí kò ní in, mélòó ló máa mú?"

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní ta ló ń wá sí láàbù nígbà tí ara rẹ̀ le. Ó ní ohun tí òun ń sọ gan-an nìyẹn, pé ìbéèrè méjì ni a ń dà pọ̀. Ó ní pé ẹni tó ní taífọ́ọ̀dù máa mú, kò sọ pé ẹni tó bá mú ní taífọ́ọ̀dù. "Gbogbo ọmọ Ìrẹ́mọ ni ọmọ Ifẹ̀, Bọ̀dá. Ṣé gbogbo ọmọ Ifẹ̀ ni ọmọ Ìrẹ́mọ?" Mo ní kó lọ sùn. Ṣùgbọ́n èmi gan-an kò sùn dáadáa. Láti ọdún tí mo ti ń mi táìlì, mi ò yẹ ẹnì kan tí ara rẹ̀ le wò rí.

Ní Sátidé, mo kó abẹ́rẹ́, ìgò kéékèèké, táìlì àti oògùn àyẹ̀wò wálé. Mo sọ fún àwọn ará ilé pé àyẹ̀wò ọ̀fẹ́ ni, kí ẹni tí ara rẹ̀ bá le jáde. Òótọ́ ni, àmọ́ n kò sọ gbogbo òótọ́. Àwa mọ́kànlá la pé jọ: télọ̀ àti ìyàwó rẹ̀, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, akẹ́kọ̀ọ́ náà, èmi, àti àwọn yòókù, kò sí ẹni tí orí ń fọ́ nínú wa. Méje mú. Télọ̀, tó jẹ iyán àná tán kó tó wá na apá sí mi, mú ju Màmá lọ. Èmi náà mú. Wọ́n ní ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀, àmọ́ mo gbẹ́ tèmi lọ́jọ́ náà. Mo ní bóyá mo ṣe é kíákíá jù, mo fa ẹ̀jẹ̀ mi lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹta, lẹ́ẹ̀kẹrin. Ẹ̀ẹ̀mẹrẹ̀ẹ̀rin ló mú, ebi sì ń pa mí bí ẹni tí kò ní àìsàn kankan.

Ohun tí n kò rò tẹ́lẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ kì í gbé inú ilé onílé púpọ̀ kó má ta jáde. Kí ó tó di ìrọ̀lẹ́, àwọn méje ti mọ ara wọn. Télọ̀ so gèlè ìyàwó rẹ̀ mọ́rí, ó lọ dùbúlẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ da omi àmù nù. Tíṣà ní kí n wá gún òun lábẹ́rẹ́, pé òun ti ń fura sí ara òun láti ìgbà tí òun ti fẹ̀yìn tì. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi ń bẹ àwọn ènìyàn pé ara wọn le.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi, akẹ́kọ̀ọ́ náà bu àgbàdo nínú àpò Màmá láìtọrọ, ó dà á sórí tábìlì mi. Ó ka ọgọ́rùn-ún hóró, mẹ́wàá pupa, àádọ́rùn-ún funfun. Ó ní ká ní ọgọ́rùn-ún ènìyàn tí ara wọn gbóná ló wá sí láàbù wa, àwọn pupa ni ó ní taífọ́ọ̀dù lóòótọ́. Ó ní òun fojú bù ú ni, pé bí mo bá ní iye tó dára jù ú lọ kí n mú un wá. N kò ní. Ó ní àyẹ̀wò á mú mẹ́sàn-án nínú àwọn pupa, ó sún wọn sápá kan. Ó ní bí méje nínú mọ́kànlá bá mú nínú àwa tí ara wa le, nínú àádọ́rùn-ún funfun yìí bí mẹ́tàdínlọ́gọ́ta ló máa mú. Ó ka ìyẹn náà, ó pa wọ́n pọ̀ mọ́ àwọn pupa mẹ́sàn-án, ó ní mẹ́rìndínláàádọ́rin nìyí, gbogbo wọn ló ní ìwé tí mo fi bírò pupa fà lábẹ́.

"Ẹ dijú, ẹ mú hóró kan."

Mo mú funfun. Mo dá a padà, mo tún mú funfun. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni mo mú un, n kò rí pupa.

Ó ní, "Kí Màmá tó ṣe àyẹ̀wò, ọ̀kan nínú mẹ́wàá ni. Lẹ́yìn tí wọ́n ṣe é, bí ọ̀kan nínú méje. Ṣé nítorí ìyẹn ni wọ́n ṣe ń gba gbogbo abẹ́rẹ́ yẹn?"

Mo ní ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n ṣe é, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Ó ní kí n wo apá ara mi. Ó ní ẹ̀jẹ̀ tó bá ṣini lọ́nà lẹ́ẹ̀kan, bí a bá bi í ní ìbéèrè kan náà lẹ́ẹ̀kẹrin, ìdáhùn kan náà ni yóò fún wa. Ojú tì mí, inú sì bí mi sí i. Ẹni tó ń fọ ṣòkòtò kan láti àárọ̀ ló ń kọ́ mi ní iṣẹ́ mi.

Ẹnu ìyẹn la wà tí Màmá fi yọ sí ẹnu ọ̀nà. Wọ́n wo àgbàdo wọn, wọ́n wò wá. "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ayò lẹ fi oúnjẹ mi ta?" A sọ ohun tí a ń ṣe fún wọn. Mo rò pé yóò ṣòro fún wọn, àmọ́ wọ́n gbọ́ ọ kíákíá ju èmi lọ. Wọ́n jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì mi, wọ́n ní, "Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Ṣé ohun tí ẹ ń sọ nìyẹn?" Akẹ́kọ̀ọ́ náà ní òun nìyẹn, pé ọdún mẹ́ta ni wọ́n fi kọ́ òun. Màmá kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Bí kì í bá ṣe taífọ́ọ̀dù, kí ló ń pa mí lọ?"

Títí di òní, ìbéèrè yẹn ṣì máa ń dùn mí. Mo ti fi oṣù mẹ́ta fún wọn ní ìdáhùn, wọn ò sì bi mí léèrè rí.

Akẹ́kọ̀ọ́ náà ní ká gbé ìwé tì sí ẹ̀gbẹ́ kan bí ẹni pé a ò ṣe é, ká tún ka Màmá mọ́ àwọn tí wọ́n jọ jẹ́ ẹgbẹ́. Ó ní kì í ṣe gbogbo ẹni tí ara rẹ̀ gbóná mọ́, bí kò ṣe ẹni tí ara rẹ̀ gbóná fún oṣù mẹ́ta, tó ń rù, tó ń làágùn. Mo fi kún un pé, tó sì ń wúkọ́.

"Èéfín igi ni," ni Màmá wí.

"Màmá," ni ọmọ náà wí jẹ́jẹ́, "obìnrin mẹ́rin ló ń dáná igi ní ẹ̀yìn ilé yìí. Ta ló rù nínú wọn?"

Mo wá bi wọ́n ní ohun tó yẹ kí n ti bi wọ́n láti ọjọ́ àkọ́kọ́, pé ṣé ẹnì kan ti wúkọ́ nínú yàrá wọn rí. Gbogbo wa la mọ̀ pé bàbá onílé, ọkọ wọn, kú lọ́dún méjì ṣáájú. Àyà ni wọ́n ní ó pa á. Màmá mú hóró àgbàdo kan, wọ́n ń yí i láàárín ìka. Wọ́n ní ọdún kan àti ààbọ̀ ni bàbá fi wúkọ́, pé òun ni òun ń da agolo tí bàbá ń tutọ́ sí nù, kí ilẹ̀ tó mọ́, kí ará ilé má bàa rí i.

"Mo mọ̀ pé kì í ṣe taífọ́ọ̀dù," ni wọ́n wí. "Mo ti mọ̀ tipẹ́. Ìwọ lo fún mi ní orúkọ tó dáa, Dókítà, mo sì gbà á lọ́wọ́ rẹ. Ta ni yóò jẹ ẹ̀kọ lọ́wọ́ oníkọ́ ife? Ta ni yóò gbé inú ilé rẹ̀?"

Mo wo ilẹ̀. Oṣù mẹ́ta la fi fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ tí à ń pa làpálàpá, èmi sì ni mo mú ọ̀bẹ dání. Wọ́n mú wa búra kí wọ́n tó gbà láti ṣe àyẹ̀wò mìíràn. Wọ́n ní ọjọ́ tí a bá pe orúkọ àìsàn náà létí ẹnikẹ́ni, òun kú tán, kódà bí òun ṣì ń mí.

Àárọ̀ mẹ́ta ni mo fi gbé kẹ̀lẹ̀bẹ̀ Màmá nínú ìgò, tí mo fi ọ̀rá wé e, lọ sí ọsibítù ìjọba. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ jẹ́ kí n fi ojú ara mi wo inú maikirosíkóòpù. Àwọn ọ̀pá pupa tín-ín-tín, kòkòrò ikọ́ ife, ni mo rí lórí ilẹ̀ búlúù. Wọn ò pọ̀, àmọ́ wọ́n wà. Mo dìde, mo jáde síta, mo sunkún. Bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran, mo sì rí i pé bí wọ́n bá fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ fún ojú èmi nìkan, ìwé karùn-ún ni ǹ bá tún kọ fún Màmá.

Oṣù mẹ́jọ ni wọ́n ní kí Màmá fi lo oògùn, ọ̀fẹ́ sì ni. Màmá kọ̀ láti máa gbà á ní Ifẹ̀, ibi tí ojú ti mọ ojú. Ìpetumodù ni wọ́n ti ń lọ gbà á. Wọ́n á sọ fún àwọn ará ilé pé àgbàdo ibẹ̀ ló dára fún ògì, lóòótọ́ wọ́n á sì ra àgbàdo bọ̀, kí irọ́ lè ní ẹrù lórí. Mo bá wọn lọ ní ìgbà àkọ́kọ́. Àwọn tó ń tọ́jú wọn níbẹ̀ ní kí wọ́n má ta oúnjẹ fún ìgbà díẹ̀, kí wọ́n sì máa dá yàrá sùn. Màmá sọ fún àwọn oníbàárà pé taífọ́ọ̀dù ń fẹ́ ìsinmi. Nígbà tó yá, òógùn dá, ibà dá, Màmá padà sídìí ẹ̀kọ wọn, ikọ́ sì lọ. Mo máa ń jí láàárọ̀ tí màá máa dúró kí ikọ́ náà tẹ̀ lé òórùn ògì, ní ọjọ́ kan kò tẹ̀ lé e mọ́. Ìyanṣẹ́lódì parí, akẹ́kọ̀ọ́ náà padà sí ilé ìwé, n kò sì rí i mọ́ láti ìgbà náà.

Ó yẹ kí ìtàn yìí parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ ìdúpẹ́, Màmá dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì, ìró wọn ti padà di ẹ̀ẹ̀kan, wọ́n ní Olúwa ti mú taífọ́ọ̀dù kúrò lára òun, pé ọmọ láàbù tó wà nílé òun ló bá òun rí i. Wọ́n wo ojú mi bí wọ́n ti ń sọ ọ́. Ní Mọ́ńdè, èrò kún ilé àyẹ̀wò wa dé ojú títì. Mo sọ ọ̀rọ̀ ọgọ́rùn-ún àgbàdo náà fún ọ̀gá mi. Ó fara balẹ̀ gbọ́ mi, kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó ní, "Ìwé ni wọ́n wá gbà. Bí o bá ní kò mú, wọ́n á lọ síbi tó ti máa mú." Mo padà sídìí táìlì mi. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi mì ín lẹ́yìn ìgbà náà. Ohun kan ṣoṣo tí mo fi kún un ni pé, bí ibà ẹnì kan bá ti pẹ́, mo máa ń tẹ̀ sí i létí, màá bi í bóyá ó ń wúkọ́, àti bóyá ẹnì kan ti wúkọ́ rí nínú ilé wọn. Àwọn kan dáhùn. Àwọn mìíràn gba ìwé wọn, wọ́n lọ.

Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí, eékún mi ti ń ké. Màmá kú ní àìpẹ́ yìí, ogbó ló pa wọ́n, mo sì bá wọn dé sàréè. Níbi ìsìnkú náà, ọmọbìnrin wọn ní kí ẹni tó rí taífọ́ọ̀dù ìyá òun nígbà náà lọ́hùn-ún dìde kí ayé rí i. Mo dìde. Àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́ fún mi, mo tẹríba, mo jókòó. Mo ti pa ìbúra mi mọ́, mi ò sì mọ iye ènìyàn tí ìpamọ́ náà ti rán lọ gba ìwé tí kò lè sọ nǹkan kan fún wọn. Mo máa ń rò ó. Tí kò bá sí ìbúra, Màmá kì bá ti gbà láti tutọ́ sínú ìgò. Mo gbé e yẹ̀ wò lọ́tùn-ún lósì, ó rẹ̀ mí, n kò rí ibòmíràn tí ǹ bá yà sí.

Obìnrin kan tó jókòó tì mí fọwọ́ kàn mí lápá. Ó ní ibà kò fi ọmọbìnrin òun sílẹ̀ láti bí oṣù méjì, pé ó ti gba abẹ́rẹ́ taífọ́ọ̀dù lẹ́ẹ̀mẹta, àyẹ̀wò ṣì ń mú, pé níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ èmi ni mo rí ti Màmá, kí n ṣàánú òun.

Mo ní, "Ṣé ó ń wúkọ́?"

Ó wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn, ó wá tẹjú mọ́ abọ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Èéfín ni, Dókítà," ni ó wí. "Gáàsì ti wọ́n jù, igi la fi ń dáná báyìí."

Mo gbé ọ̀pá mi, mo ní kó dìde, kó máa mú mi lọ sílé wọn.